Kò-Sí-Lọ́hùn-ún àti Ẹrù Rẹ̀

Kò-sí-lọ́hùn-ún ni ẹni tó ríṣẹ́ sí Ìlú Ọba, tó wá gbà pé ilẹ̀ òfìfo ni òun ń lọ. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn, ó lè jẹ́ tíṣà láti Àkúrẹ́ tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Birmingham, ó sì lè jẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Yaba tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun máa japa. Èsì ẹnu wọn ló pa wọ́n pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó fẹ́ fi kóńgò ẹ̀gúsí mẹ́fà ṣe, á ní, "Kò sí lọ́hùn-ún." Kò tíì dé ọ̀hún rí o, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí London sábà máa ń gba àpótí méjì lọ́wọ́ èrò kan, kílò 23 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò-sí-lọ́hùn-ún gbọ́ 23 yìí, ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ àpótí. Nígbà tí òṣùwọ̀n kà 29, ó ní òṣùwọ̀n ọ̀hún ń parọ́. Ìkòkò ńlá wà lára ohun tó mú kó wúwo bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Britain kò ti gbà mọ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ tẹ̀lé ara rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè. Àwọn tó rí àyè wọlé láàárín ìgbà méjèèjì yìí dá nìkan lọ ni. Ìkòkò tí wọ́n gbé dání kò gbọ́ nípa òfin náà. Ìkòkò ẹlẹ́ni mẹ́fà ni.

Níbi kóòtù ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ń hàn jù. Wọ́n ti sọ fún un pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, ló bá gba ọjà Katangowa lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí òkìtì òkìríkà, ó ṣa kóòtù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ aṣọ inú òkìtì yẹn, Ìlú Ọba ni wọ́n ti kó o wá. Ẹni tó ni ín ló fi tọrẹ fún àwọn aláàánú, wọ́n dì í, ó wọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Kùtọnu, nítorí pé òfin Nàìjíríà kò gba òkìríkà láyè, ó wá gba ọ̀nà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ dé Èkó. Kò-sí-lọ́hùn-ún wá sanwó lé e, ó ń gbé e padà sílé rẹ̀. Bó bá débẹ̀ tó rí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú ní ìgboro, tí irú kóòtù kan náà wà lórí ìkọ́ lówó pọ́ọ́kú, á ní tòun ló nípọn jù.

Oúnjẹ ló ń gba àpótí kejì tán. Gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ata gígún, irú tí wọ́n fi nylon mẹ́rin wé tí òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde, edé, pánla, ògbono, Indomie. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rìn ní Rye Lane ní Peckham, tàbí ní ọjà Ridley Road ní Dalston, á rí iṣu, ata rodo, ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ lórí àtẹ, á sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá pe oníbàárà. Àwọn ìlú ńlá yòókù náà ní tiwọn. Lóòótọ́, wọ́n wọ́n ju ti ọjà Bódìjà lọ, ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá sì wà ní abúlé kan lórí òkè ní Wales kò jẹ̀bi bó bá di gàrí oṣù kan dání. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abúlé Wales ni Kò-sí-lọ́hùn-ún ń lọ. Ìdajì wákàtí ni ibùgbé rẹ̀ sí Peckham tàbí sí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Britain kò gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà wọlé nínú ẹrù èrò, ìbáà jẹ́ kìlíṣí, ìbáà jẹ́ pọ̀nmọ́. Ẹ̀wà gbígbẹ wa náà, ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Britain ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí àwọn oníṣòwò ń da sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹja gbígbẹ ni òfin fàyè gbà, dé kílò 20. Ohun tí Kò-sí-lọ́hùn-ún máa ń ṣe ni pé ó fi ẹja tí òfin gbà pa mọ́ sábẹ́ ṣòkòtò, ó wá to kìlíṣí tí òfin kò gbà sókè pátápátá, kó má baà rún. Nígbà tí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè Heathrow bá gbé e dání, òun ló máa ń yà lẹ́nu jù.

Oògùn ibà kún àpò kan. Coartem, Lonart, àgbo inú ìgò omi, ó sì ń lọ sí ibi tí ẹ̀fọn rẹ̀ kì í gbé ibà káàkiri. Lórí oògùn apakòkòrò àrùn, a lè gba tirẹ̀ díẹ̀, torí pé kẹ́míìsì ibẹ̀ kì í sábà tà á fún ẹni tí dókítà kò kọ ọ́ fún. Àmọ́ tramadol tó kó tì í nítorí ẹ̀yìn dídùn, oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni; ìwé dókítà ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe Robb.

Ó tún ra ohun ìkiná mẹ́ta tó ń yí ẹnu wáyà padà, láìmọ̀ pé ihò ìkiná Britain àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni méjèèjì. Ìbátan rẹ̀ tó ń lọ sí Houston ni ì bá rà á. Ìyẹn kò rà á, ó gbé bùlẹ́ńdà tó ń lo 240 volts lọ sí ìlú tó ń lo 120.

Aṣọ òkè àti gèlè kò nílò àríyànjiyàn. Òde àríyá kò wọ́n láàárín àwọn Yorùbá London, ẹni tó bá dé ibẹ̀ láìmú agbádá dání á kábàámọ̀ kó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́.

Ẹrù ìyá rẹ̀ ni kì í ṣeé kọ̀. Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n ti àpótí pa ni Màmá á dé, á ní, "Ọkọ mi, fi èyí sí i, kékeré ni." Kékeré náà ni òróró àdúrà, omi láti orí òkè, ìgò oyin, àti ọṣẹ tí wọn kò gbọdọ̀ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ń gba tẹ̀sùbáà àti omi sámúsámù. Omi inú ìgò kan kò gbọdọ̀ ju 100 ml lọ nínú báàgì tí èrò ń gbé wọkọ̀, nítorí náà, níwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní Ìkẹjà ni Kò-sí-lọ́hùn-ún ti máa ń dúró mu odidi ìgò omi àdúrà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ń pòṣé.

Lẹ́yìn ìyá ni àwọn ará àdúgbò. "Ẹ bá mi mú èyí fún ọmọ mi ní Manchester." Wọ́n ti rán ẹnu nylon náà pa. Láti ọdún 1989 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ nítorí irú nylon bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ẹni tó rán an. Síbẹ̀ ojú ń ti Kò-sí-lọ́hùn-ún láti tú u wò, kí wọ́n má baà ní ó ti ń gbéra ga kó tó dé òkè òkun.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ìdí àpótí ló wà, lábẹ́ gàrí: sàtífíkéètì, ìwé NYSC, ìwé ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ̀rí pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Britain kò sí lórí káàdì mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wò ó báyìí. Ímeèlì tí wọ́n fi ṣí i, ajẹ́ńtì rẹ̀ ló ní páàsíwọ̀ọ̀dù. Ajẹ́ńtì kì í gbé fóònù lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, àpótí kan wọ̀n kílò 31. Wọ́n ní kó sanwó tàbí kó yọ díẹ̀ kúrò. Gbogbo ẹbí pagbo yí i ká lórí ilẹ̀, kóńgò ẹ̀gúsí ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ń pín ogún, Kò-sí-lọ́hùn-ún sì wọ kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn nínú ooru Ìkẹjà. Ìwé tó wà lábẹ́ gàrí tẹ̀ lé gàrí náà padà sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn tó ń lọ bá a mú un wá, nínú nylon tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa.

Bó bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó ti di olùdámọ̀ràn. Á pe àbúrò rẹ̀ tí ìwé ìrìnnà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, á ní, "Má wulẹ̀ di ẹrù kankan, gbogbo ẹ̀ ló wà níbí." Àbúrò á ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá mi." Kí wọ́n tó pa fóònù, bọ̀dá á tún ní kó sáà bá òun mú èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin, irú, àti pánla wá, torí èyí tí wọ́n ń tà ní Peckham kò rí bíi ti ilé. Àbúrò ti kó wọn sínú àpótí tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí Kò-sí-lọ́hùn-ún mìíràn.