Ta Ló Ń Jẹ Dátà ní Ifákọ̀?

Ọkùnrin tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dárúkọ òun. Òun náà ló sì ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ti gbà. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí "òǹkọ̀wé yìí" nísàlẹ̀, ẹ yáa mọ̀ pé ojú ló ń ti ẹnì kan tí kò fi lè pe ara rẹ̀ ní "èmi".

Ifákọ̀ ló ń gbé. Kì í ṣe Ifákọ̀ Ìjàyè tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ lápá Agége o. Ifákọ̀ ti Gbàgádà ni, èyí tó wà ní Kòsọ́fẹ́ pẹ̀lú Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì. Àlejò lè má mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2019, òǹkọ̀wé yìí ra módẹ́ẹ̀mù kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ àdírẹ́sì, ó kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ó fi "Ifákọ̀, Lagos" tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó di ọ̀sán, ọlọ́kadà pè é: "Ọ̀gá, mo ti wà lẹ́nu géètì yín o, ẹ jáde wá." Ó jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ajá kan ló rí. Ìjàyè ni ọlọ́kadà wà. Àríyànjiyàn owó àtúngbé le débi pé òǹkọ̀wé yìí ní kí wọ́n máa gbé módẹ́ẹ̀mù wọn lọ, kí wọ́n dá owó òun padà. Ó ní kí ni módẹ́ẹ̀mù fẹ́ ṣe tí fóònù tó wà lápò òun ò lè ṣe?

Lórí èyí, kò jẹ̀bi. Fóònù tó bá ti ń gba 3G tàbí 4G ti ní módẹ́ẹ̀mù nínú. Irú síìmù kan náà, òpó kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ọ̀nà mẹ́ta ni fóònù fi ń bu íntánẹ́ẹ̀tì fún láptọ́ọ̀pù. Wáyà wà níbẹ̀. Bluetooth wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ Harald sọ, ọba Denmark kan tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tó sì lọ́ra bíi pé ọba náà fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn gbé e bọ̀. Hotspot sì wà níbẹ̀, tó yá, àmọ́ tó ń mu bátìrì bí ẹní mu omi. Wáyà ni òǹkọ̀wé yìí yàn, torí pé bí fóònù ṣe ń fún láptọ́ọ̀pù ní dátà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gba iná lára rẹ̀. Ládùúgbò tí iná ń wá kí èèyàn tó sì tún ń lọ láì dágbére, ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Ibi tó ti ra wáyà ni ọ̀rọ̀ wà. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí ni, láti ojú fèrèsé dáńfó, lọ́wọ́ ọmọ kan tó kó wáyà sọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ó ná an títí ó fi já a sí ìdajì. Inú rẹ̀ dùn délé.

Ó ki ẹnu kan bọ fóònù, ó ki èkejì bọ láptọ́ọ̀pù. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ṣájì. Àmọ́ ibi tí wọ́n kọ "USB tethering" sí ń ṣe bàìbàì, kò ṣe é tẹ̀. Ó pa fóònù, ó tàn án. Ó pa láptọ́ọ̀pù, ó tàn án. Ó yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Nígbà tó sú u, ó dájọ́ pé láptọ́ọ̀pù ló ń ṣàìsàn, ó gbé e nílẹ̀, ó di Ọ̀tìgbà ní Computer Village, Ìkẹjà. Wọ́n bá a fọ inú rẹ̀ mọ́, wọ́n gbé Windows 10 tuntun sí i, gbogbo ìwé tí kò tọ́jú síbòmíràn sì bá omi lọ. Àròkọ méjì tó ti gbowó rẹ̀ ná wà lára wọn. Wọ́n wá ti wáyà ọ̀hún bọ̀ ọ́. Bákan náà ló rí. Ìgbà yìí ni ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn tábìlì láti àárọ̀ tó lahùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n rí wáyà yín." Ó fi tirẹ̀ rọ́pò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Okùn tín-ín-rín mẹ́rin, ó ní, ló yẹ kó wà nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe ti pọ́ọ́kú máa ń yọ méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ kúrò. "Tiyín yìí, oúnjẹ ló mọ̀ ọ́n gbé, kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́n sọ." Owó tí òǹkọ̀wé yìí san lọ́jọ́ náà á ra ogún wáyà.

Ohun tó tún mú kó dùn ún ni pé kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Láyé tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń sun kàfé mọ́jú nítorí pé owó òru rọjú ju tọ̀sán lọ, ó wà lára àwọn tó ń fi Nokia so mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á gbé PC Suite sí i, wọ́n á tẹ APN tí iléeṣẹ́ síìmù fún wọn, kọ̀ǹpútà á sì pe *99# bí ìgbà tí èèyàn ń pe èèyàn. Ó máa ń ṣiṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá ti pè. Púpọ̀ nínú fóònù ìgbà náà ni kò lè gbé ìpè àti dátà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpè bá wọlé, íntánẹ́ẹ̀tì á dákẹ́ lọ gbári. Ní ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ kan ń parí, bó ṣe ku díẹ̀ kí fọ́ọ̀mù náà lọ tán, ìyá rẹ̀ pè láti bi í bóyá ó ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Màmá ní òun ti wà lórí àdúrà rẹ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba díẹ̀ nínú àdúrà náà sí i létí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni. Iṣẹ́ náà bọ́. Nígbà tí Android 2.2 gbé hotspot dé ní 2010, tí iPhone tẹ̀lé e ní 2011, òǹkọ̀wé yìí gbà pé ogun ti parí.

Ó wá di ọdún 2020. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Òǹkọ̀wé yìí fi owó ọbẹ̀ ra GB 10, ó tan hotspot (wáyà ti di èèwọ̀ fún un), ó sì ṣírò rẹ̀: àròkọ ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ kò wúwo tó fọ́tò ẹyọ kan. GB 10 á gbé oṣù kan, ó tilẹ̀ yẹ kó ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ kẹta, dátà tán.

Ó pe iléeṣẹ́ síìmù rẹ̀, ó sì bú ọmọbìnrin tó gbé ìpè náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ náà fara balẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà?" Ó ní kí ló kan kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ olè?

Kọ̀ǹpútà ló kàn. Láti oṣù keje ọdún 2015 tí Windows 10 ti jáde, kì í dúró gbàṣẹ kó tó lọ gbé àtúnṣe ara rẹ̀ wá, àwọn àtúnṣe mìíràn sì ń wọn GB mélòó kan. Bó bá ti rí Wi-Fi, ó gbà pé irú èyí tí wọ́n ń san owó oṣù lé lórí ní Amẹ́ríkà ni, tí kì í tán. Ta ni yóò sọ fún un pé owó ọbẹ̀ ni? OneDrive náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kó fọ́tò ìgbéyàwó àna òǹkọ̀wé yìí lọ sókè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí orí èèyàn ò wọ̀. Ibì kan sì wà nínú Windows tí èèyàn lè tẹ̀ tí gbogbo wọn á fi rọra ṣe, wọ́n pè é ní "Metered connection". Òǹkọ̀wé yìí ti rí i rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ mítà iná ni. Kò sì ní mítà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di amòye. Ó ń yẹ dátà rẹ̀ wò bí ẹni tó gbé ìrẹsì kaná, bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kóòdù iléeṣẹ́ síìmù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọdún 2023 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ síìmù, tó jẹ́ kí gbogbo wọn máa lo *323#. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ fóònù wọn wá bá a.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ní ọdún 2021, nídìí ẹ̀rọ omi, Ìyá Ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp, mú un ṣe onídàájọ́. "Bọ̀dá akọ̀ròyìn, ẹ gbà mí. GB 5 tí mo rà lọ́jọ́ Àìkú ti tán lónìí Ọjọ́rú. Mi ò wo fíìmù kankan o." Ó húkọ́. Ó bi í bóyá ó ní kọ̀ǹpútà, kò ní. Ó bi í ní páswọ́ọ̀dù hotspot rẹ̀. Obìnrin náà ní láti 1 dé 8 ni, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Òǹkọ̀wé yìí rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Páswọ́ọ̀dù Wi-Fi kì í gba ohun tó bá dín sí mẹ́jọ, ìdí nìyí tí ọ̀lẹ fi máa ń kà á dé ẹẹ́jọ, kó dúró. (Láti 1 dé 8 ni tirẹ̀ náà, àmọ́ ó ti ń gbèrò láti yí i padà.) Ó dájọ́: ẹnì kan wà nínú ọgbà yìí tó ń jí dátà.

Ayálégbé pé jọ. Onílé gan-an sọ̀ kalẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí gbé ohùn sókè ju gbogbo wọn lọ: "Ẹni tó bá ń jẹ dátà obìnrin yìí, fóònù rẹ̀ ò ní í gba ṣájì mọ́!" Ilé gbà á: "Àṣẹ!"

Lóru ọjọ́ náà, fóònù òǹkọ̀wé yìí kọ̀, kò gba ṣájì. Kò fi ohunkóhun pè é. Fóònù tí wọ́n tan hotspot rẹ̀, tí wọ́n tún ń fún níná lórí bẹ́ẹ̀dì, máa ń gbóná débi pé á dá gbígba iná dúró fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe iPhone tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má lò ó níbi tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 35 lórí Celsius, yàrá kan sì wà ní Ifákọ̀ tó ń sún mọ́ ọn lóṣù kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bátìrì fóònù ìyàwó rẹ̀ kú, ìyàwó sì mú tọkọ lọ sọ́jà Mile 12. Òǹkọ̀wé yìí jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, ó fi àròkọ kan ránṣẹ́, ó wo eré bọ́ọ̀lù àná díẹ̀. Nígbà tó tó ogójì ìṣẹ́jú, ó na ọwọ́ kó wo iye dátà tó kù. Kò bá fóònù níbẹ̀. Ó rántí pé Mile 12 ni fóònù wà. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun lágbára o, láti Mile 12 dé Ifákọ̀! Lẹ́yìn náà ló rántí pé hotspot fóònù kì í sábà kọjá ilé kejì. Òógùn bò ó.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní bọ́sítọ́ọ̀pù ló bá òǹkọ̀wé yìí àti Ìyá Ìbejì ṣètò hotspot. Ó fi AndroidAP sílẹ̀ bí orúkọ fún àwọn méjèèjì, ó tẹ 1 dé 8 fún àwọn méjèèjì. Láptọ́ọ̀pù ò sì mọ ojú. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ló fi ń mọ ilé. Bí méjèèjì bá bára mu, èyí tó bá lágbára jù lásìkò náà ló sábà máa ń wọ̀. Òkè tààrà ni yàrá òǹkọ̀wé yìí wà sí ibi tí Ìyá Ìbejì máa ń gbé fóònù rẹ̀ lé lójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń jẹ dátà rẹ̀, tó sì ń yin ara rẹ̀ pé òun ti mọ dátà á ṣọ́.

Èmi ni o. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Òǹkọ̀wé yìí (ẹ jẹ́ kó padà síbẹ̀) kò lè sọ ọ́. Ó lọ sórí áàpù báńkì rẹ̀, ó ra GB 10 sórí nọ́ńbà Ìyá Ìbejì láìdárúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, obìnrin náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé áńgẹ́lì fi dátà ránṣẹ́ sí òun. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, òǹkọ̀wé yìí ló kọ́kọ́ ṣe Àmín. Ó dára tó tètè ronú pìwà dà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí NCC ti gba àwọn iléeṣẹ́ láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, àánú áńgẹ́lì náà ti wọ́n sí i.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ mọ ìyókù. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun náà ni. Ó yẹ wáyà wò. Ó yẹ Windows wò. Ó yí páswọ́ọ̀dù padà lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn ó pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, nọ́ńbà àwọn èèyàn ogún ọdún sì bá a lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló gbọ́ ọ lórí rédíò pé WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, àwọn okùn tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, ló bàjẹ́ nítòsí Abidjan, àti pé àwọn báńkì pàápàá ń ráhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ọjọ́ náà ló fìyà jẹ ara rẹ̀ jù.

Ó ku nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ Àbámẹ́ta tí fóònù rẹ̀ lọ sí Mile 12, òun fúnra rẹ̀ ló gba Ìyá Ìbejì nímọ̀ràn kó yí orúkọ hotspot rẹ̀ padà. Obìnrin náà yí i. Láràárọ̀ tí òǹkọ̀wé yìí bá ṣí láptọ́ọ̀pù, òun ló máa ń wà lókè pátápátá, ó lágbára ju tirẹ̀ lọ, gàdàgbà gadagba: OLE DATA OLORUN RI E. Ìyàwó rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan, ó bi í pé ta ni wọ́n ń bá wí.

Ó ní Windows ni.