Bàbá Tí Ọmọ Háyà

Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ má sì sọ níbì kankan pé èmi ni mo gbé e kiri o. Gbogbo ilé wa ló gbọ́ ọ, láti yàrá iwájú tó kọjú sí títì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé etí wọn wà lọ́dọ̀ wa. Èmi kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ni.

Ẹ mọ ọmọkùnrin Ìyá Alákàrà, èyí tó wà ní SS2. Ọmọ náà ò burú. Tó bá rí yín, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ yín. Ṣòkòtò ni ìjọ̀gbọ̀n rẹ̀. Ṣòkòtò ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ rà fún un, ó gbé e lọ bá télọ̀ kan ní Kétu, wọ́n fún un débi pé kò lè wọ̀ ọ́ mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà bo ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè yọ̀ kọjá. Ojú mi ló ṣe. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀rá, ó fa ṣòkòtò gòkè, ó yọ ọ̀rá, ó tún ti ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́. Bàbá Lándíọ̀dù ń lọ sí balùwẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn léjìká, ó dúró, ó wò ó títí, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé lo fẹ́ lọ kà ni, àbí wọ́n fẹ́ dì ọ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun?”

Ní gééètì ilé-ìwé wọn (ẹ má bi mí pé ilé-ìwé wo, ilé-ìwé pọ̀ ní Ojota), Fáìsì kan, igbákejì ọ̀gá, wà níbẹ̀, obìnrin kúkúrú báyìí, awò ojú rẹ̀ nípọn. Sísọ́ọ̀sì ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe ẹgba. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ bá fún, á tú ojú rírán rẹ̀ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní ya aṣọ. Lẹ́yìn náà á fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú: ó yá, jókòó sábẹ́ igi yẹn, rán an bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ wá wo àwọn géńdé tó ti ń hu irùngbọ̀n, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn níka! Ìyá Kílínà, tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ tó sì ń gbé yàrá kẹrin nílé wa, ló ń ròyìn fún mi. Ó ní ọmọkùnrin kan tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n rán débi pé àwọn tíṣà ń gbé aṣọ wọn fún un.

Bàbá Tíṣà ti yàrá kejì, tó ti fẹ̀yìntì, kò fara mọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú yìí rárá. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Fáìsì, á pòṣé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹgba fún wa lóríṣiríṣi: àtòrì, pàṣán, bùlálà, kòbókò, èyí tó ń dún kó tó dé ara, èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dé ara lo tó máa gbọ́. Á wá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, sọ́dọ̀ Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ó ní ọkùnrin yẹn kì í fi ẹgba ṣeré, pé Fẹlá ọmọ rẹ̀ gan-an jẹ ẹgba rẹ̀ bí ọmọ ẹlòmíì ṣe jẹ ẹ́.

Mo ní: “Bàbá, ẹgba yẹn wá ràn án? Fẹlá wá di ẹni tó ń gbọ́ràn?”

Ọjọ́ méjì ni Bàbá Tíṣà kò fi dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n èèyàn rere ni bàbá náà, nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé láyé tiwọn, ẹgba ní ìwé. Ìwé ìjìyà wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá na ọmọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó ṣe, iye ẹgba tó jẹ àti ọwọ́ ẹni tó nà án, kí bàbá ìnspẹ́kítọ̀ lè rí i tó bá dé. Ó ní kì í ṣe gbogbo tíṣà ló láṣẹ láti na ọmọ. Mo bi í bóyá òun máa ń kọ tòun. Ó ní ìńkì wọ́n nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ Alákàrà. Ó yẹ ká sọ tòótọ́: tó bá jẹ́ ti ṣòkòtò nìkan, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Wọ́n ń fo fẹ́ǹsì. Tó bá ti di déédéé aago mọ́kànlá, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bọ́ ṣáàtì ilé-ìwé sínú báàgì, wọ́n á fo ògiri, wọ́n á kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn gáréèjì. Nígbà míì wọ́n á lọ jókòó nínú ọgbà Gàní Fáwẹ̀hìnmí, níbi tí gbogbo Èkó péjọ sí láti fẹ̀hónú hàn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, nígbà tí wọ́n gbé lítà epo láti ₦65 sí ₦141 lóru ọjọ́ kan. Èmi wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, mo ta omi tútù, mo rí owó. Fáìsì bá wọn níbẹ̀, níwájú ère Gàní gan-an, wọ́n ń ka góòlù. Gàní tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló fi oyè dá a lọ́lá pé agbẹjọ́rò mẹ̀kúnnù ni, kò lè sọ̀kalẹ̀ wá gbẹjọ́ wọn rò.

Fáìsì kò na ẹnikẹ́ni. Ó kọ lẹ́tà: kò sí kíláàsì fún ọ mọ́ àfi tí bàbá rẹ bá tẹ̀ lé ọ wá.

Ẹ máa wò ó pé kí ló dé tí kò kúkú nà wọ́n kó parí ẹ̀. Fáìsì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ẹ̀ rántí Ìyá Ìbejì wa níbí? Òun ló máa ń lọ sí ilé-ìwé lọ kúnlẹ̀ fún tíṣà pé, “Ẹ bá mi nà án, eegun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dá padà fún mi.” Ọjọ́ tí tíṣà wá fi pàṣán kan Táyé lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ta ló fa ṣáàtì tíṣà ya? Ìyá Ìbejì yìí náà ni. Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíì ni gbogbo wa ń bẹ tíṣà pé kó nà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn ńkọ́? Ní ìparí 2021, tí ọmọ àti òbí ń lu tíṣà kiri, ìjọba wọn ní kí òbí àti ọmọ jọ fọwọ́ síwèé pé ìwà ọmọ á dára. Wọ́n ní kí òbí náà fọwọ́ sí i! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Tíṣà tó bá sì nà án jù, ẹjọ́ wà. Abala 295 wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Òyìnbó fi sílẹ̀ tó ní tíṣà lè fi ọwọ́ tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí kò bá ti ṣe é léṣe. Ṣùgbọ́n Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Nígbà tó sì di Ṣẹ́rẹ́ 2025, gbogbo wa la rí fídíò tíṣà kan ní Ìkòròdú tó ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí, tó ní kò mọ nọ́ńbà kọ. Lọ́jọ́ tó jáde ni fóònù gbogbo ilé yìí ń dún. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e dé kóòtù. Ìyá Kílínà ní láti ìgbà yẹn, tíṣà míì tó bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá fóònù ń wò ó.

Ó dáa. Lẹ́tà dé ọwọ́ ọmọ. Bàbá rẹ̀ wà ní Kútọnu, ó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, Iléyá nìkan la máa ń rí i. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ọwọ́ Ìyá Alákàrà. Ọwọ́ tó ń fi po ẹ̀wà láti aago mẹ́rin ìdájí, tó bá bá èèyàn lẹ́tí, èèyàn á gbọ́ agogo ìjọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọ ronú títí, ló bá gba gáréèjì lọ, ó lọ háyà bàbá.

Ẹ má pariwo! Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Kọ̀ndọ́ dánfó kan ni, ti Ìkòròdú Road. ₦2,000 ni wọ́n dúnàá dúrà sí, ọmọ san ₦1,000 sílẹ̀, ìyókù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Kọ̀ndọ́ yá búbá àti ṣòkòtò lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀, ó dé fìlà, ó fi omi pa irun ojú ẹ̀. Ìyá Kílínà ń nu fèrèsé ọ́fíìsì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, ó sì mọ fèrèsé nu lọ́jọ́ náà.

Fáìsì ní kí wọ́n jókòó. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀, àwọn òbí méjì ti wà ńlẹ̀. Bàbá háyà wò wọ́n, ó ní: “Ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i, mẹ́rin-mẹ́rin ni.”

Fáìsì gbé ojú sókè. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní: “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni oríkì ọmọ yín?”

“Àjàní ni, mà.”

Àkànní ni. Ọmọ wú ikọ́.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

Bàbá yíjú sí ọmọ, ó fojú wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní: “Ó tó 20.”

Fáìsì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ọmọ ń fo fẹ́ǹsì lọ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibí ni nǹkan ti dàrú. Kọ̀ndọ́ dìde fùú, inú bí i tọkàntọkàn, ó nawọ́ sí ọmọ: “Tẹ́tẹ́? Ìwọ? Kí lo mú? Ṣé Arsenal lo tún mú? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ owó mi ní Sátidé!”

Fáìsì yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àwọn òbí tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń fi gèlè bo ẹnu. Ó wá rọra sọ fún kọ̀ndọ́ pé òun mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló bí ọmọ yìí, láti ìgbà tó ti ní kí wọ́n sún mọ́ra lòun ti mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò, ó ti pe ara rẹ̀ ní bàbá, nítorí náà ó yá, kó fọwọ́ síwèé àdéhùn. Gbogbo Fúráìdè, kó wá wo ìwé ọmọ. Tí kò bá wá, òun á wá wá a ní gáréèjì, òun á sì dúró níwájú ọkọ̀ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kọ̀ndọ́ wá ní Fúráìdè! Ó tún wá ní Fúráìdè kejì. Ẹ wá wo bí ó ṣe ń ṣí ìwé, tó ń fi ìka tọ ìlà tí tíṣà fi bírò pupa kọ: “Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi X síbí?” Èmi rò pé ohun tó dùn mọ́ ọn ni pé wọ́n ń kí i ní “Bàbá, ẹ káàárọ̀” níbi tó jẹ́ pé “Kọ̀ndọ́, ṣéńjì mi dà?” nìkan ni wọ́n ń kí i lójoojúmọ́.

Ìyà dé bá ọmọ. Ìgbátí ìyá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbà á, á parí. Èyí kì í parí. Tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, gbogbo kọ̀ndọ́ ló mọ̀ ọ́n: “Ọmọ wa, ṣé wọ́n ti jáde ni? Aago mélòó la wà?” Ó dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, onítẹ́tẹ́ ní bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún òun. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ láti sá lọ sí Mile 12, kọ̀ndọ́ ọkọ̀ yẹn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Kétu, ó ní kó fẹsẹ̀ rìn padà. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun ti yí padà, ó gba ààwẹ̀, ó pín mọ́sà fún gbogbo ilé. Mo jẹ tèmi. Mo mọ̀, mi ò sọ.

Ọjọ́ tí ó bẹ́ sójútáyé ni ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ìyá Alákàrà pa ọjà tì, ó wé gèlè, ó lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, tíṣà kan ní: “Ẹ wọlé, mà. Bàbá wọn ti wà níwájú.”

“Bàbá ta ni?”

Kó tó dáhùn, ọkùnrin kan ti dìde níwájú pẹ̀lú fìlà, ó ń fi ohùn tí wọ́n fi ń pe èrò bá gbogbo òbí sọ̀rọ̀ nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò ní ìlẹ̀kùn. Ó ní bàbá ọmọ SS2 lòun, òun kò ní gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Alákàrà dúró. Ó wo Fáìsì, Fáìsì wo òrùlé. Ọmọ ti yọ́ gba fèrèsé jáde.

Ìyá Alákàrà ò pariwo. Ó rìn wọlé, ó jókòó pẹ́kípẹ́kí ti ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i, ó ní: “Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ láti Kútọnu.”

Ìyá Kílínà ní ẹsẹ̀ kọ̀ndọ́ ń gbọ̀n. Obìnrin náà ti ìwé kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: bàtà ilé-ìwé, ìwé Mathematics, ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì, aṣọ eré ìdárayá. Kọ̀ndọ́ kà á, ó yí ẹ̀yìn ìwé wò, ó rọra ní: “Màmá, ₦1,000 mi ṣì kù lọ́wọ́ ọmọ o.”

Ó ra bàtà náà. Mo rí bàtà náà pẹ̀lú ojú mi, ó le, ó dára, ó tóbi díẹ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ kò ju pé mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá gidi ń ti Kútọnu bọ̀. Mo ti bẹ Ìyá Kílínà pé kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó sì fi fóònù rẹ̀ ká a sílẹ̀ fún mi.