Ikú Pòwe, Òǹkàwé Fún Un Ní Ìràwọ̀ Méjì

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì purọ́: ẹni tó bá rí ikú tó mú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó káwọ́ kò, kí ó yẹ ilé ara rẹ̀ wò, kí ó wádìí ohun tó fà á. Àmọ́ àwọn àgbà kò tíì rí òǹkàwé òde òní. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ikú máa pòwe tán, tí ẹni tó gbọ́ ọ máa na tan-n-ran lórí ibùsùn, tí á bu gúgúrú sẹ́nu, tí á sì ní: "Kò burú, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù. Mo ka ìwé dé orí keje kí ẹnikẹ́ni tó kú. Ìràwọ̀ méjì."

Ìwé tí mò ń sọ ni ìtàn àwọn tó ń pa ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, léraléra, títí ọwọ́ òfin fi tó wọn, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó wọn. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní pẹpẹ tirẹ̀ nílé ìtàwé. Ó yàtọ̀ sí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, òun ló dá gbogbo ẹni tó kú nínú rẹ̀, òun náà ló pa wọ́n. Kò sí ìyá kankan tó máa wá ká a mọ́lé. Àwọn òkú inú ìwé tí mò ń sọ yìí ní ìyá. Òmíràn nínú àwọn ìyá náà ṣì wà láàyè, ó sì ń gba iwájú ilé ìtàwé kọjá bí gbogbo ènìyàn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé ń wí. Ọ̀kan á ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó, pé owó òun ṣòfò. Èkejì á ka irínwó ojú ìwé láìfo ìlà kan, ìgbà tó bá parí ni yóò tó rántí pé òun kórìíra ẹ̀jẹ̀. Á ní inú òun ń rú, á ní ó yẹ kí òǹkọ̀wé ti kìlọ̀, lẹ́yìn náà á béèrè bóyá òǹkọ̀wé náà ní ìwé mìíràn. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní òun kò sùn fún òru mẹ́ta, gbogbo iná ilé ni òun tàn sílẹ̀, àga ni òun fi ti ilẹ̀kùn. Ẹ máa rò pé ẹjọ́ ló fẹ́ pe òǹkọ̀wé. Rárá o. Ìràwọ̀ márùn-ún ló fún un.

Kí á mú Ted Bundy, nítorí òun ni àrẹ̀mọ àwọn apànìyàn inú ìwé wọ̀nyí. Ní 1971, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ann Rule, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbi kan ní Seattle tí wọ́n ti ń gba ìpè fóònù àwọn tó fẹ́ gbẹ̀mí ara wọn. Bundy ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó tì í lóru tí wọ́n jọ ń gba ìpè. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Ann Rule pé kó kọ ìwé nípa ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ní agbègbè náà. Kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni òun fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Ìwé náà, The Stranger Beside Me, jáde ní 1980. Kí wọ́n tó pa Bundy lórí àga oníná ní Florida ní January 24, 1989, ó jẹ́wọ́ pé òun pa ènìyàn 30.

Bí ikú bá pa òwe tó yé tọmọdé tàgbà rí, èyí ni: apànìyàn lè lẹ́wà, ó lè mọ̀wé, ó tilẹ̀ lè máa gba ẹ̀mí là lórí fóònù. Kí ni àwọn òǹkàwé kan gbọ́ níbẹ̀? Wọ́n gbọ́ pé ó lẹ́wà, etí wọn sì di sí ìyókù. Nígbà ẹjọ́ rẹ̀ ní Miami ní 1979, àwọn ọmọge ń wá wò ó nílé ẹjọ́. Ann Rule fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú àfikún ìwé rẹ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkùnrin náà, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń kọ lẹ́tà sí òun, wọ́n ń pe òun, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, oníkálukú sì gbà pé òun nìkan ni ààyò. Ní January 2019, nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún géérégé tí wọ́n pa á, Netflix gbé fíìmù alápá mẹ́rin jáde nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀ tún gbòde débi pé Netflix bọ́ sórí Twitter, wọ́n ń rán àwọn òǹwòran létí pé àwọn ọkùnrin arẹwà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ilé ẹjọ́ kò dá lẹ́bi ìpànìyàn rí. Ẹni tó ń ta ọtí ló ń bẹ ọ̀mùtí pé kó rọra.

Ibi tí òwe àwọn àgbà ti kọsẹ̀ nìyí. Òwe ní ojúgbà ẹni ni ikú pa. Ó ti gbà láìjanpata pé ẹni tó kú ni ojúgbà wa nínú ìtàn. Òǹkàwé tiwa dé, ó wo òkú, ó wo apànìyàn, ó sì mú apànìyàn ní ojúgbà. Ted ló ń pè é, bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé Volkswagen ló ń wà, ó mọ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ bi í ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 30, ẹ ó rí i tí á máa wo àjà.

Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú, òkú là ń kì. Obìnrin ilé á dúró tì í, á pe baba rẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, á ka ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi òkú sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n lọ ń kì ẹni tó pa á. Iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí ń ṣe nìyẹn, òǹkàwé ló sì ń lu ìlù sí i.

Àmọ́ kí n má fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ló ń ka ìwé yìí jù, wọ́n sì ní ìdí tiwọn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn méjì ní Amẹ́ríkà, Amanda Vicary àti R. Chris Fraley, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo ohun tí àwọn òǹkàwé kọ nípa irú ìwé yìí lórí Amazon, wọ́n rí i pé obìnrin ló kọ nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n wo ti ìwé ogun, ọkùnrin ló kọ 82. Wọ́n tún rí i pé bí ìwé bá sọ ọgbọ́n tí ẹni tí wọ́n gbé lọ fi sá àsálà, òun ni àwọn obìnrin máa ń yàn. Wọ́n ń gbọ́ òwe nígbà náà. Wọn kò wá ṣeré, n kò sì lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó kù ni pé òwe tí ìwé ń pa fún wọn kì í ṣe tiwọn. FBI sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2008 pé nínú ọgọ́rùn-ún ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún, ti àwọn apànìyàn aláṣetúnṣe kò tó ẹyọ kan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní tirẹ̀ ṣírò pé ní 2023, obìnrin àti ọmọbìnrin bí 85,000 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa káàkiri ayé. Nǹkan bí 51,100 nínú wọn, ọkọ, olólùfẹ́ tàbí ẹbí ló pa wọ́n. Obìnrin ka ìwé tán, ó fi àga ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ fèrèsé. Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ wà nínú ilé, ó ń béèrè pé ṣé oúnjẹ ti jinná.

Kí á lọ sí Milwaukee ní Amẹ́ríkà, sọ́dọ̀ apànìyàn mìíràn. Ní May 27, 1991, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan já sí títì ní ìhòòhò, oògùn ti pa á lójú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ọmọge aláwọ̀ dúdú méjì rí i, wọ́n ké sí ọlọ́pàá. Jeffrey Dahmer dé bá wọn níbẹ̀, ó ní àgbà ni, ó ní olólùfẹ́ òun ni, ó ní ọtí ló pa á. Àwọn ọlọ́pàá gba ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun gbọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dá ọmọ náà padà sí ilé Dahmer. Glenda Cleveland, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọge náà, pe ọlọ́pàá lórí fóònù, ó tún pè, ó ń bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú pé kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ní ó dá àwọn lójú. Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá lọ tán ni Dahmer pa ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí, lórí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí gan-an, ó sì yẹ kí ìjọba máa ṣọ́ ọ ni. Ènìyàn mẹ́rin ló tún pa kí ẹnì kan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní July 22, tí àṣírí fi tú. Gbogbo ẹni tó pa jẹ́ 17. Wọ́n lé ọlọ́pàá méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1994, adájọ́ dá wọn padà.

Òwe ibẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja lójú títì: obìnrin aláwọ̀ dúdú ń sọ òótọ́ lórí fóònù, ẹni tó gbé fóònù kò gbọ́. Ìbéèrè tí òǹkàwé ń bi ìwé ni pé kí ló wà nínú fíríìjì Dahmer. Nígbà tí Netflix fi ìtàn náà ṣe eré ní September 2022, àwọn ẹbí òkú ké jáde pé kò sí ẹni tó bi àwọn. Oṣù kan kò tíì pé dáadáa tí àwọn ènìyàn ti ń wá aṣọ àti awò ojú Dahmer rà fún eré Halloween, títí eBay fi ní àwọn kò gbà kí wọ́n tà á lórí àtẹ àwọn. Àwọn ará Milwaukee ti mọ irú òǹrajà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lu ohun ìlò Dahmer ní gbàǹjo ní 1996, ṣe ni àwọn kan nílùú náà dá owó tó lé ní 400,000 dọ́là kí wọ́n lè gbà wọ́n, kí wọ́n sì bà wọ́n jẹ́.

Ní London, fífi apànìyàn ṣòwò ti di àjogúnbá. Ní 1888 ni ẹni tí a kò mọ̀ títí dòní pa obìnrin márùn-ún ní Whitechapel àti àyíká rẹ̀. Láti 1976 títí di 1988, ilé ọtí kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ten Bells pa orúkọ rẹ̀ tì, ó ń jẹ́ Jack the Ripper, orúkọ tí wọ́n sọ apànìyàn náà. Títí di báyìí, wọ́n ń kó àlejò rìn kiri níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n ń nàka sí ibi tí oníkálukú kú sí. Àwọn kan gba àṣẹ láti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn obìnrin ní Cable Street. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní 2015, Jack the Ripper ló jókòó síbẹ̀. (Ìtàn obìnrin ni lóòótọ́, bí a bá gbà pé òkú obìnrin nìkan ló nítàn.)

Hallie Rubenhold wá kọ The Five ní 2019. Polly Nichols, Annie Chapman, Elizabeth Stride, Catherine Eddowes, Mary Jane Kelly: ó kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọmọ tí wọ́n bí, ọtí tó tú ilé òmíràn ká. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ikú, ó dúró, kò wọlé. Ó ní kò sí ẹ̀rí kankan pé mẹ́ta nínú wọn ṣe aṣẹ́wó rí. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Baillie Gifford lọ́dún náà. Ẹ máa rò pé àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ikú àwọn obìnrin yìí máa dì mọ́ ọn. Èébú ni púpọ̀ nínú wọn bù fún un. Ó gba òkú wọn lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ di ènìyàn.

Àmọ́ Harold Shipman ló yà mí lẹ́nu jù. Dókítà ni, ní ìlú Hyde nítòsí Manchester. Adájọ́ Janet Smith, tó darí ìwádìí ìjọba, ka ènìyàn 215 tó dá a lójú pé Shipman pa, àgbàlagbà obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ka márùn-ún Whitechapel mọ́ 30 Bundy, ẹ ka 17 Dahmer mọ́ ọn, 52 ni. Dókítà yìí fi ìlọ́po mẹ́rin jù wọ́n lọ, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú báàgì dókítà lọ́wọ́ àti abẹ́rẹ́ diamorphine. Ta ló ń wọ aṣọ Shipman ṣeré Halloween? Ta ló ń kó àlejò rìn ní Hyde lálẹ́? Ìwé wà nípa rẹ̀ o, àmọ́ kò dùn lẹ́nu òǹkàwé: ìyá àgbà, àga, abẹ́rẹ́, ìyá àgbà, àga, abẹ́rẹ́. Wọ́n ní àsọtúnsọ ti pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀, òwe tirẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ní ìyá àgbà. Òun ló ń pa, òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ikú. Ní March 1998, dókítà kan ládùúgbò, Linda Reynolds, ṣàkíyèsí pé òkú ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ti ń pọ̀ jù, ara ti ń fu àwọn asìnkú náà. Ó fi tó kòrónà, aṣojú ìjọba tó ń wádìí ikú, létí. Ọlọ́pàá wò ó fìrí, wọ́n pa fáìlì dé. Ènìyàn mẹ́ta ló tún pa. Ìwé ìhágún ayédèrú ló wá mú un: ó kọ ọ́ lórúkọ ìyá àgbà kan pé kí wọ́n kó ohun ìní rẹ̀ fún òun, ó sì gbàgbé pé agbẹjọ́rò ni ọmọ ìyá náà. September 2024 ni ó tó di dandan ní England àti Wales pé kí dókítà mìíràn yẹ gbogbo ikú tí kò bá lọ sọ́dọ̀ kòrónà wò.

Ìròyìn Janet Smith jẹ́ ìdì mẹ́fà, láti 2002 títí dé 2005, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù ló kún inú rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ oògùn, àti àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi béèrè ìbéèrè kejì. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan, tí ìwé Bundy kún ilé rẹ̀, pé kó wá a kà.

Ó ní, "Ṣé àwòrán wà níbẹ̀?"