Ọlọ̀tẹ̀ Tó Ń Tò Sórí Ìlà

Ọlọ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà fi irin gún imú, ó fi irin gún ètè, ó ya agbárí òkú sí apá méjèèjì, ó sì pa irun rẹ̀ láró bí ewé tẹ̀tẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, sójà lè wọ̀ ọ́ lọ sógun. Mo rọra ń yọ́ kẹ́lẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, bí àwa ará Èkó ti máa ń ṣe, ló bá kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀: "Baba, ẹ má bínú, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀." Baba tí àwọn Sulu ń pe baba náà ni. Mo padà sẹ́yìn.

Sunday, 19 January 2025 ni, ní pápá ìṣeré FNB lẹ́bàá Soweto, ní Johannesburg. Àbúrò mi tó ń gbé ní Yeoville ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fújì yín ti pọ̀ jù. Ẹ wá gbọ́ orin àwọn tí kì í bẹ̀rù ìjọba." Orin rọ́ọ̀kì ló ń wí. Mo ní ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ta ló fẹ́ fi àpáta hàn mí? Kò rẹ́rìn-ín. Mo tún rán an létí pé Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ti ń fi gìtá àti ìlù pariwo ní Èkó láyé ìgbà tí wọn ò tíì bí i, BLO ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ó ní kí n lọ wọ bàtà.

Mo ti di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin sínú àpò. Ó ní òfin kò gbà á. Agbòòrùn ńkọ́? Òfin kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ oṣù January ni Ṣàngó ìlú yẹn máa ń sọ ọ̀sán di òru. Aṣọ òjò onírọ́bà nìkan ni ọlọ̀tẹ̀ lè mú lọ. A jókòó sínú mọ́tò, a sì jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán bí ẹni tó jí i.

Bí igbá ni wọ́n ṣe kọ́ pápá náà. Calabash ni àwọn ará ìlú ń pè é, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fún àjọ̀dún orin ọ̀hún. Igbá tó ń gba èèyàn tó lé ní 94,000! Inú rẹ̀ ni Mandela ti bá ará Soweto sọ̀rọ̀ ní February 1990, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tó kúrò lẹ́wọ̀n. Johannesburg fúnra rẹ̀ fi nǹkan bí 1,700 mítà ga ju òkun lọ, nítorí náà kí n tó gun àtẹ̀gùn dé ìjókòó mi, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ̀tẹ̀ lẹ́yìn ọlọ̀tẹ̀ nawọ́ sókè fún àyẹ̀wò, agbárí òkú, ìwo màlúù, gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kí ẹnì kan ṣáà bi ẹ̀ṣọ́ pé, "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" Mi ò gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ The Offspring gun orí pèpéle. Dexter Holland tó ń kọrin fún wọn ti pé ọdún 59. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Southern California ní 2017, lórí ìwádìí kòkòrò HIV, ó sì tún ń po ata ìgò tà. Ọ̀mọ̀wé ni, ata ló ń tà, ariwo ló ń pa: ìyá mi ì bá ti gbé e lọ bá babaláwo. Èyí tó dùn mí ni pé mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Dókítà. Nílé wa, ẹni tí wọ́n bun ní oyè láàárọ̀ Sátidé, tí olórin bá gbàgbé "Dókítà" níwájú orúkọ rẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí.

Nísàlẹ̀, níwájú pèpéle, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fàyà gbá ara wọn. Mo ti ń wá ojú ọ̀nà tí n ó gbà sá. Ọmọkùnrin kan ṣubú, kí n tó ké "Yéè!", ọwọ́ bíi mẹ́wàá ti fà á dìde, ẹnì kan bá a wá bàtà rẹ̀ rí, wọ́n sì tún tì í padà sẹ́nu ìjà.

Bàbá kan láti Soweto, tó kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, jókòó tì mí. Ó ní òun wà ní Ellis Park ní 12 January 1985, níbi orin tí wọ́n fi kó owó jọ fún Operation Hunger, àwọn tó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Èrò tó lé ní 100,000, dúdú àti funfun, dúró lórí koríko kan náà, nígbà tí òfin ò jẹ́ kí wọ́n gbé àdúgbò kan náà. Kó tó dìgbà yẹn, Johnny Clegg aláwọ̀ funfun àti Sipho Mchunu ọmọ Sulu ti ń kọrin pọ̀ nínú Juluka, ọlọ́pàá a sì máa tú agbo wọn ká. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn Ellis Park, ìjọba kéde òfin pàjáwìrì. Mo bi bàbá náà pé irú aṣọ ọlọ̀tẹ̀ wo ló wọ̀ lọ́jọ́ ọ̀hún. Ó ní aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun ò ní òmíràn tó dáa.

Ìgbà tó yá, Green Day jáde, àwọn tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1987. Billie Joe Armstrong, ẹni ọdún 52, lé tìróò bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Nígbà tó dé orí "American Idiot", orin tí wọ́n fi bú Amẹ́ríkà ìgbà Bush ní 2004, ó yí ọ̀rọ̀ kan padà, ó fi orúkọ Elon Musk sí i. Pretoria ni wọ́n sì bí Musk sí, kò jìnnà ju bí Ìbàdàn ṣe jìn sí Ọ̀yọ́ lọ. Igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fún ariwo.

Ẹ̀kún ló gbọ̀n mí. Wọ́n dárúkọ olówó tó lówó jù láyé nínú orin, kọ́bọ̀ kò bọ́ sílẹ̀! Kò sí ìbátan rẹ̀ kan tó dìde, kò sí ẹni tó sún mọ́ olórin pẹ̀lú ìdì owó. Ká ní ọmọ Mushin ló gbé gbohùngbohùn dání ni, ì bá ti ki oríkì Musk dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀, ilé á sì ti jáde níbẹ̀. Àwọn tí a ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ nìyí, wọn ò mọ òwò. Àwa tí a ń kí olówó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àwa gan-an la ń rú òfin: òfin báńkì àgbà ti 2007 ní a ò gbọdọ̀ ná náírà lójú agbo, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó sì rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ ní April 2024. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà lójú agbo kan. Owó ń rọ̀ bí òjò.

Nígbà tí a ń jáde, mo tún bá onírun ewé tẹ̀tẹ̀ pàdé, lórí ìlà ni. Ó ní òun ò lè pẹ́, òun gbọ́dọ̀ tètè dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Monday. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni. Owó orí ló ń gbà fún ìjọba.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò ni àbúrò mi obìnrin pè láti Surulere. Mo ń gbọ́ gángan lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ní ìdúpẹ́ ìsìnkú ni, wọ́n ti ta àtíbàbà dí títì láti àná, ọlọ́pàá sì ti dé.

Mo ní, "Wọ́n wá tú yín ká ni?"

Ó ní, "Tú ta ni ká? Ẹran ni wọ́n ń dúró dè."