Ọ̀gá Sẹ́ńsọ̀-Ni

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kì í bá ṣe aládùúgbò yín, á jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tàbí kó jẹ́ àna yín, èyí tó burú jù. Òun ni ọkùnrin tí kì í gbé mọ́tò sí ìsàlẹ̀ àdúgbò bó bá lọ òde àríyá. Iwájú kánópì gan-an ló ń já a sí. Ẹ kàn ṣèèṣì kí i kú oríire ọkọ̀, ó tán! Á ṣílẹ̀kùn, á ní kí ẹ jókòó, á wá máa to lẹ́tà fún yín bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: “ABS wà níbẹ̀. VSC wà níbẹ̀. PCS, LDA, kí lẹ fẹ́ tí kò sí níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí ń wa ara ẹ̀ ni!”

Ẹ má bi í ní iṣẹ́ tí ìkankan wọn ń ṣe. LDA tó ń fi yangàn yẹn, kámẹ́rà kan tó wà lókè lẹ́yìn wínsíkíríìnì ló ń wo ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sójú títì. Bí mọ́tò bá ń yà kúrò lórí ìlà tí awakọ̀ kò sì tan tíráfíkétọ̀, á ké sí i. Ibi tí kò bá sí ìlà, kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo àdúgbò yín, kí ẹ sọ ibi tí ọ̀dà wà fún mi. PCS ń lo kámẹ́rà yẹn àti rédà, tó máa ń wà lẹ́yìn àmì iwájú nínú ọ̀pọ̀ Toyota bíi tiẹ̀. Á kìlọ̀ pé ẹ fẹ́ kọ lu nǹkan. Bí ẹ kò bá gbọ́, ó lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó ń wa mọ́tò nínú wọn. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SAE ní Amẹ́ríkà to ọ̀rọ̀ yìí sí ìpele 0 sí 5, gbogbo ohun tí ọ̀gá yìí sì ń kà kò kọjá ìpele 0, níbi tí ojú awakọ̀ kò ti gbọdọ̀ kúrò lójú títì. Síbẹ̀ ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ni Honda ṣe yẹ̀yẹ́ pé tiẹ̀ kò ní VSC. Honda ń pè é ní VSA, Mercedes ń pè é ní ESP. Iṣẹ́ kan náà ni, kí mọ́tò má baà yọ̀ kúrò lọ́nà.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ó ti lẹ stíkà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bò ó lójú. Rédà ńkọ́? Wọ́n ti bá a pààrọ̀ ojú mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀ kó lè jọ tọdún yìí, àmì tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ iwájú kò jẹ́ kí rédà ríran. Ni iná PCS bá tàn. Ó wò ó, ó dájọ́ rẹ̀: “Sẹ́ńsọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń jẹun. Iná ẹ́ńjìnnì tàn, sẹ́ńsọ̀ ni. Iná bíréèkì ABS tàn, sẹ́ńsọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ rọra ní, “Dádì, iná kan tún ti yọ o,” kò yíjú, ó yí rédíò sókè: “Sẹ́ńsọ̀ ni jàre.” Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ń ka orí sáàmù, ọ̀gá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀: “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni.” Mẹkáníìkì kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti sọ èsì àyẹ̀wò fún un. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, tó jẹ́ pé epo kò jóná tán nínú ẹ́ńjìnnì, tó ń lọ jó kátálísì inú sàlẹ́ńsà (bí àwọn tó ń gé e tà kò bá tíì gbé e lọ), ó ní gílóòbù ló fẹ́ kú.

Sẹ́ńsọ̀ ni lóòótọ́. Ta ló fẹ́ kó wá jíṣẹ́ fún un, ańgẹ́lì? Ẹ wo àmì táyà aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tó ní àmì ìyanu láàárín. Lẹ́yìn tí táyà Firestone bẹ́ lábẹ́ Ford Explorer tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú ni Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 2000. Láti orí mọ́tò ọdún 2008, dandan ni kí iná yẹn wà nínú mọ́tò kéékèèké ibẹ̀, kó sì tàn bí afẹ́fẹ́ táyà bá fi ìdá 25 nínú 100 dín sí bó ṣe yẹ. Ikú àwọn ènìyàn yẹn ló bí iná náà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀gá rà, iná ń tàn lójú rẹ̀ lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, ènìyàn méje ló kó sínú mọ́tò ẹlẹ́ni márùn-ún.

Pupa ní kí ẹ dúró, yẹ́lò ní kí ẹ lọ wò ó láìpẹ́, àwọ̀ ewé àti búlúù ń sọ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́. Iná epo bẹntiróòlù nìkan ló ń ba ọ̀gá lẹ́rù, nítorí èyíinì kì í gba àríyànjiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń ní “á gbé wa dé Ṣàgámù.” Àgé pupa kékeré tí ń kán ọ́ìlì sílẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ọ́ìlì kò fi agbára lọ káàkiri ẹ́ńjìnnì mọ́, ìyẹn náà sẹ́ńsọ̀ ni, títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́kì. Bó bá wá nọ́kì, ọ̀rọ̀ kúrò ní sẹ́ńsọ̀, ó di ti àwọn ará ilé bàbá rẹ̀.

Bí iná bá wá pọ̀ jù, tí àlejò ń béèrè, á ránṣẹ́ pe rewáyà. Kì í ṣe kó wá wo ohun tó ń ṣe mọ́tò o. Kó wá pa iná ni. Wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á lẹ téèpù dúdú mọ́ ẹ̀yìn SRS, tàbí kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀ dànù. Ọlọ́gbọ́n inú wọn á so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná mìíràn kí wọ́n lè jọ máa tàn, kí wọ́n sì jọ máa kú. Iná SRS tó ń tàn ń sọ pé bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ó ṣeé ṣe kí báàgì afẹ́fẹ́ má ṣí. Kò rówó àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó rówó tí wọ́n fi pa ẹni tó ń kìlọ̀ fún un lẹ́nu mọ́. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni, nítorí ìyàwó ló ń jókòó síwájú, ọmọ sì ń bẹ lẹ́yìn.

Bí ọ̀gá bá sì rí àbùkù mọ́tò náà tán, á tà á, dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́ tónítóní, á ní òun kò fi ṣe wàhálà rí. Ẹ̀yin tó ń lọ rà á, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí iná ẹ́ńjìnnì, ABS, SRS àti ọ́ìlì kọ́kọ́ tàn ná. Bí ẹ bá wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kú láìpẹ́. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ di owó yín mú, kí ẹ máa lọ.