Ta Ló Gun Òkè Mọ́kọ́lá?

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Dókítà ní ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé, kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn, àmọ́ ọmọ mi ní ayé ti là, ló bá ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ fún mi.

Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kò sì ní wáyà. Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí, tó ń wò mí bí agbowó orí. Òòfà kékeré kan wà lára sípóòkù, ẹ̀rọ kan wà lára irin tó di táyà iwájú mú. Bí òòfà bá ti kọjá, ẹ̀rọ á ta kọ̀ǹpútà lólobó pé táyà ti yí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo òye rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ òógùn, kò mọ orúnkún.

Ó tún ní òun fẹ́ mọ bí àyíká táyà mi ṣe gùn tó. Ìwé rẹ̀ ní kí n sàmì sí táyà, kí n jókòó lé kẹ̀kẹ́, kí n yí i lẹ́ẹ̀kan, kí n wá wọn ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo fi ẹfun sàmì sí táyà àti ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú téépù tí ìyàwó mi fi ń ránṣọ. Ìyá tó ń gbé ní òdìkejì yọjú.

"Bàbá Fẹ́mi, kò sí o? Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mìlímítà 2055 ni mo bá. 2096 ló wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ eré ìje. Àṣé nínú kìlómítà 10 tó bá kà fún mi, nǹkan bíi mítà 200 jẹ́ ọ̀fẹ́! Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún un ṣe. Òmùgọ̀ ni mí.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni ti Mọ́kọ́lá. Mo gun òkè tó lọ sí Premier Hotel láìsọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kadà kan dín eré kù láti kí mi. Mo dé òkè, mo wo kọ̀ǹpútà: 0. Kòtò kan nísàlẹ̀ ti yẹ òòfà nípò, ó sì ti jìnnà sí ẹ̀rọ ju mìlímítà 5 lọ. Lójú tirẹ̀, ojú kan ni mo jókòó sí.

Mo délé, mo tún òòfà tò. Àbígbẹ̀yìn mi dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fi ọwọ́ ta táyà fìì. 58! Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré tí mo sá jù láyé mi nìyẹn. Bí n bá sì pa á rẹ́, á kó gbogbo kìlómítà oṣù náà lọ.

Mo mú kọ̀ǹpútà náà lọ fi han dókítà. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó yọ awò ojú. "Bàbá, 58? Ẹ rọra o, ẹ má fi para yín."

Ó wo ikùn mi. Ó tún wo kọ̀ǹpútà. Mo de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ní mo ti gbọ́.