Ẹ̀ńjìníà Apòmù àti Géèmù Ará Peckham

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti di ará òkèèrè tán, kó jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ẹbí rẹ̀ ní Ìkirè. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ bá jẹ́ "Èló ni wọ́n ń ta tuntun?", ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ Ìkirè gidi á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló lè tún un ṣe?" Èmi béèrè méjèèjì pa pọ̀, ni wọ́n bá ní ìrètí ṣì wà fún mi.

Nǹkan tó bàjẹ́ náà kò lórúkọ, torí kò sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èmi ni mo tò ó pọ̀ nínú yàrá mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù: géèmù àfisápò, irú èyí tí Nintendo gbé jáde ní 1989 tí wọ́n pè ní Game Boy. Ọpọlọ inú rẹ̀ ni Raspberry Pi Zero, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi tó káàdì ATM, tí wọ́n ń ṣe ní Wales, tí wọ́n sì ń ta ní dọ́là 5 péré nígbà tó jáde ní 2015. Mo fi bátìrì, bọ́tìnnì àti síkírìnì ínǹṣì 2.8 kún un, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ike. Ní ibi iṣẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é, àwọn èèyàn pé lé mi lórí, wọ́n ń ya fọ́tò. Àyà mi wú. Mo gbé e lọ sílé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó rí ibi tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́hùn-ún?" Bẹ́ẹ̀ lókè òkun, ẹni tó rí jẹ tó rí mu ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan: ó ń yan búrẹ́dì, ó ń hun súwẹ́tà, ó ń kan àga. Nílé, ẹni tó rí jẹ ló ń ra èyí tó wà nínú páálí. Ẹ gbé búrẹ́dì tí ẹ fúnra yín yan lọ kí àwọn àna yín, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe máa gbàdúrà fún yín tó.

Ọmọ náà kò bá wa dá sí i ní tirẹ̀. Ó ń gbá géèmù rẹ̀ lọ títí ẹnìkan fi jókòó lé e lórí nínú ọkọ̀ (mo mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sínú). Síkírìnì bá di funfun báláú, kò sí àwòrán kankan mọ́.

Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni, òfin wà. Láti oṣù keje 2021 ni wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ṣe fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣọ̀n máa tọ́jú páátì sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tún wọn ṣe. Géèmù kò sí nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó wà níbẹ̀, èmi ni ilé iṣẹ́ tó ṣe tèmi. Ara mi ni ǹ bá pè lẹ́jọ́. Ibi tí ǹ bá gbé e lọ ni Repair Café, ètò tí Martine Postma dá sílẹ̀ ní Amsterdam ní 2009, tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Wọn kì í gbowó, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ máa buwọ́ lùwé pé bó bá bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ máa mu tíì, ẹ máa jẹ bísíkíìtì, kí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì tó ráyè gbọ́ tiyín. Bó bá tún un ṣe, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́.

Ní Ìkirè, wọ́n ní kí n gun ọ̀kadà lọ sí Apòmù, pé ẹ̀ńjìníà kan wà níbẹ̀ tí kì í tètè kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù nǹkan. Kò sí fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì ló wà, àwọn tí kò gbé nǹkan kan wá tún ṣe ló sì kún orí rẹ̀. Kí ọ̀gá tó gbójú sókè, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Ọ̀kan ní bátìrì ni. Èkejì ní iṣẹ́ àwọn Ṣáínà nìyẹn, wọn kì í ṣe nǹkan tó lálòpẹ́. Mo ní èmi ni mo ṣe é. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Ọ̀gá tàn án, ó wo funfun náà. Ó ní iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gíláàsì kò sì fọ́, torí ká ní ó fọ́ ni, dúdú á ti máa ṣàn káàkiri inú rẹ̀. "Àwòrán ni ò rọ́nà wọlé, sà." Síkírìnì yẹn ní ojú 76,800, ìyẹn 320 lọ́nà 240, ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbé àwòrán dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kò ju díẹ̀ lọ, inú fílẹ́ẹ̀sì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sì gbà. Bí ọ̀kan bá já níbẹ̀, iná á máa tàn lásán. Ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó, ó rí i: fílẹ́ẹ̀sì ti ya létí, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ó ní orí mi ṣe é, pé ká ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ló ti ya ni, ó kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn, gọ́ọ̀mù tí irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ní ilé iṣẹ́. Bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bá kàn án, yíyọ́ ló máa yọ́.

Iná lọ. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan kàn dìde lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Ó fi bíléèdì họ ike orí fílẹ́ẹ̀sì títí bàbà fi yọ, ó fa wáyà jáde láti inú fóònù kan tó ti kú, ó sì fi í ṣe jọ́ńpà lórí ibi tó ya. Ojú mi kò rí wáyà náà. Mo gbà á gbọ́ ni. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ti ránṣẹ́ ra dòdò Ìkirè, a jọ ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é dáadáa: èyí tó pọ́n àpọ́njù, tó ń dúdú, tí ẹ máa ń jù sẹ́yìn ilé. Ìkirè ń gún tiwọn mọ́ ata, wọ́n ń fi epo pupa dín in, wọ́n sì ń tà á fún gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá láti Ìbàdàn.

N kò sọ pé ilé dára ju òkèèrè lọ o. Ká ní ọpọlọ síkírìnì ló jó ni, kò sí ohun tí ọ̀gá máa ṣe ju kó kí mi kú àdánwò lọ, nígbà tó jẹ́ pé ní Peckham, tí mo bá ra òmíràn lórí fóònù lálẹ́, ó lè dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ wà ní Apòmù, páátì wà ní Peckham.

Àwòrán yọ. Ó wá dárúkọ iye owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó bá mi wá, fẹsẹ̀ gbún mi pé kí n ná an. Ní Apòmù! Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìjà lórí ataare ní ọjà Apòmù wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ìlú tí ataare ti di ogun, èmi kọ́ ni màá wá fi owó jọ́ńpà dán wọn wò. Mo ti ń kówó jáde nígbà tí ẹni tó ní bátìrì ni bá mi ná an láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, owó já wálẹ̀, ó sì gba tirẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń dìde ni ọ̀gá ní, "Sà, ẹ bá mi kó irú síkírìnì yìí wá, àti fílẹ́ẹ̀sì oríṣiríṣi. Mo máa sanwó." Látìgbà náà ni àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ ti ń wọlé sórí WhatsApp mi, páálí kan sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí kò ṣeé pa dé mọ́. Ẹni tó bá ń lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀, tí báàgì rẹ̀ sì láyè, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi. Kò wúwo rárá.